Àlejò Tó Gba Omi

Ilẹ̀ dúdú tó wà ní ìhà Ọ̀họ̀rí, bí a bá ti kúrò ní Ẹ̀gùá tí a dojú kọ ààlà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ tí a ń bá ṣe agídí nígbà òjò. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, á le koko, á sì là débi pé ọmọdé lè ki ọwọ́ bọ ojú ìlà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òjò wákàtí kan péré rọ̀ sí i, á wú, á máa yọ̀ bí ilá, ẹsẹ̀ á wọ inú rẹ̀, bàtà á sì kù sí ìsàlẹ̀. Inú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kadà tó gbé mi kú sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà ọdún 1991. Ọlọ́kadà náà bẹ̀ mí títí, ó ní òun á fẹsẹ̀ padà lọ wá ẹni tí yóò bá òun gbé e. Mo gbé kúlà mi lérí, mo kọrí sí ibi tí mo ti rí èéfín.

Kúlà yẹn ni mo bá dé ibẹ̀, òun náà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Oògùn àjẹsára ló wà nínú rẹ̀, ti èéyì tí a ń gún, àti ti rọpárọsẹ̀ tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n fẹ́. Yìnyín mẹ́rin tí a dì sínú ike pẹlẹbẹ ló ń ṣọ́ wọn, mo sì ti gbé wọn kúrò ní Ayétòrò láti kùtùkùtù. Fíríìjì tó sún mọ́ mi jù ni èyí tí mo ti fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà yẹn, àmì kékeré tó ń yí àwọ̀ padà bí ooru bá ti ba oògùn jẹ́ kò tíì dé ara ìgò. Ó di ọdún 1996 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé sára ìgò rọpárọsẹ̀. Ọgbọ́n tiwa ni pé kí a mi ike yìnyín létí. Bí ó bá ṣì ń kọ lu ara rẹ̀ nínú, ìrètí wà. Bí ó bá ti di omi, a ó kàn gbé oògùn padà sílé kí á lọ sọ ọ́ nù, àwọn ìyá tó ti gbé ọmọ dúró á sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Obìnrin tó wà nídìí iná kò mọ̀ mí rí. Ó wo ẹrẹ̀ tó dé itan mi, ó wo kúlà, ó ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ jókòó." Ọmọ kan ti gbé igbá omi dé kí n tó rí àpótí fìdí lé. Kò bi mí ní orúkọ. Kò bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Ìgbà tí mo mu omi tán, tí mo fi omi mìíràn ṣan ẹsẹ̀, ló tó tọ́ka sí kúlà: "Kí ló wà nínú rẹ̀, tí o fi ń wò ó bí ìyá ìkókó?" Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ" ló fi kí mi, "o" ló fi bi mí léèrè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti di ọmọ ilé.

Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́, kò sọ nǹkan kan, ó dìde wọ inú ilé lọ. Igun kan wà níbẹ̀ tí àmù méjì fìdí sínú iyanrìn tútù, ibi tí oòrùn kì í dé láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ti àmù kan sí ẹ̀gbẹ́, ó gbé kúlà sí àárín wọn, ó tú ìborùn ọrùn rẹ̀, ó rì í bọ omi, ó sì fi wé kúlà náà bí ẹni ń pọ́n ọmọ. Kò lọ sí ilé ìwé rí, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń mú omi inú àmù tutù ju ti inú garawa lọ: ara àmù ń làágùn, òógùn náà ló ń tù ú lára. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jí lóru, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo gbọ́ tí ó ń da omi sára ìborùn yẹn. Èmi tí mo gba owó oṣù nítorí kúlà sùn. Òun tí kò rí nǹkan kan gbà kò sùn dáadáa.

Ní àárọ̀, mo mi ike yìnyín létí. Ó dún.

Ọmọ 17 ló gba àjẹsára ní abúlé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń lọ láti ojúlé sí ojúlé pe àwọn ìyá wọn. Ìyá ni mo ń pè é. Nọ́ọ̀sì lòun ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé ni mí, n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Bí a ṣe pínyà nìyẹn, láìmọ orúkọ ara wa. Ìgbà tí mo dé Ayétòrò ni mo rí i pé ìborùn rẹ̀ ṣì wà lára kúlà.

Ọdún 35 ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, láti 1989 títí di 2024, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní ìhà Àríwá Yewa àti Ìmẹ̀kọ-Àfọ́n, èyí tó kù ní ìhà Ìlaròó àti Ìpókíá. Àwọn ọ̀dọ́ tó gba ipò lọ́wọ́ mi máa ń bi mí bí mo ṣe ń dá rìn láìbẹ̀rù. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ̀rù bà mí dáadáa. Awakọ̀ kan ti já mi sílẹ̀ rí lóru níbi tí kò sí ilé kan, nítorí pé mo kọ̀ láti fi owó kún owó. N kò gbàgbé ojú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí a bá pàdé lọ́nà ló ní inú rere, obìnrin tó ń dá rìn sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, alákàrà tàbí ẹlẹ́kọ tó wà ní oríta ni, nítorí pé ó mọ gbogbo ẹni tó ń kọjá, ojú gbogbo ayé sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rò pé ìbẹ̀rù ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó le fún mi láti kọ́ ni bí a ṣe ń gba oore.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ní 1989, n kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera nìyẹn, tí ìjọba ń rán àwa òṣìṣẹ́ kéékèèké lọ sí abúlé tí dókítà kan kò dé rí. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́, bí a ṣe ń kọ ìwé, bí a ṣe ń bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe àlejò. Mo dé abúlé kan tí n kò ní dárúkọ. Bàbá àgbà kan dìde fúnra rẹ̀, ó bu omi sínú igbá, ó gbé e fún mi. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá, mo ní omi lọ́wọ́," mo sì fi ìgò omi gbígbóná tí mo ti sè láti ilé hàn án. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo fi sọ ọ́.

Bàbá gba igbá rẹ̀ padà. Ó da omi náà sílẹ̀, ó rọra jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibòmíràn. Mo wà lábẹ́ igi títí oòrùn fi yí. Ọmọdé ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ìyá wọn á sì fà wọ́n wọlé. Ọmọ kan ṣoṣo kò jáde wá. Nígbà tí mo ń lọ, obìnrin kan tó ru igi ìdáná bá mi rìn dé etí odò. Ó ní, "Ẹ ò lè mu omi wa, ẹ wá fẹ́ kí a gbé ọmọ wa fún yín." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ṣe ni ó ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń fi ọ̀nà han àlejò.

Ẹ̀rù omi tó bà mí kì í sì í ṣe ẹ̀rù asán. Ọdún tí sòbìà ń jà rànyìn nìyẹn. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà nígbà náà rí i pé ó lé ní 650,000 ènìyàn tí aràn náà mú láàárín ọdún kan. Mo ti rí àgbẹ̀ tí kò lè dìde lọ kórè àgbàdo nítorí aràn tó ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí òwú. Inú omi ọ̀gọ̀dọ̀ ni sòbìà ti ń wọ ara, nínú kòkòrò kan tó kéré débi pé àfi ẹni tó bá tẹ ojú mọ́ ọn ló lè rí i. Tí mo bá mu omi Bàbá, mo lè kó o. Tí n kò bá mu ún, iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Ọ̀gá mi kan ló yọ mí nínú rẹ̀. Ó fún mi ní aṣọ asẹ́ pelebe kan, irú èyí tí wọ́n fi ń gbógun ti sòbìà, ó ní, "Kúnlẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí o wá sẹ́ ẹ níṣojú wọn." Bí mo ṣe padà sí abúlé yẹn nìyẹn. Bàbá ṣì bu omi fún mi; àgbàlagbà gidi ni. Mo kúnlẹ̀, mo gbà á, mo tọrọ igbá kejì, mo na aṣọ asẹ́ lé e lórí, mo sì da omi gba ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé aṣọ náà sójú oòrùn. Àwọn nǹkan kéékèèké ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí rẹ̀. Mo wá gbé igbá kejì sẹ́nu, mo mu ún tán. Bàbá na ọwọ́, ó gba aṣọ náà, ó tẹ ojú mọ́ ọn títí. "Èyí náà ni a ti ń mu láti ìgbà yìí?" Kí n tó kúrò, aṣọ asẹ́ mi ti di tirẹ̀, gbogbo ọmọ abúlé sì ti gba abẹ́rẹ́. Ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Bí mo bá rántí ọdún yẹn, igbá omi Bàbá ni mo ń rí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ẹni tó ń dá rìn ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe nínú oore tí wọ́n ń ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ jókòó síbi tí wọ́n ní kí ó jókòó sí, kí ó jẹ nínú ohun tí wọ́n gbé wá, kí ó gbà pé òun jẹ gbèsè tí òun kò ní rí san. Ìgbéraga ni kì í jẹ́ ká lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbéraga náà sì máa ń wọ aṣọ ìmọ́tótó tàbí aṣọ ìtìjú. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo bá àwọn ọ̀gá lọ sí díẹ̀ nínú àwọn abúlé yìí kan náà nínú ọkọ̀ ńlá, ọlọ́pàá níwájú, omi inú ọ̀rá lẹ́yìn. Wọ́n gbé àga ike jáde fún wa, wọ́n pàtẹ́wọ́, ọba kí wa káàbọ̀. Kò sẹ́ni tó bu omi fún wa. Kí ni wọn yóò bu omi fún? Ẹni tó ti ní ohun gbogbo kò sí lójú ọ̀nà. Ṣe ni ó kàn ń kọjá.

Ọ̀rọ̀ àlejò àti ẹni ojú ọ̀nà yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ní ìparí ọdún 1825, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Hugh Clapperton gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó sì gba ilẹ̀ tí a ń pè ní Yewa lónìí kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé. Nígbà yẹn, Ẹ̀gbádò ni wọ́n ń pè wá. Ìjannà, tí kò jìnnà sí Ìlaròó, ni ajẹ́lẹ̀ Aláàfin ti ń ṣọ́ ọ̀nà ọjà. Nígbà tí Clapperton dé ibẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé àwọn ti rin ọgọ́ta máìlì ní ọjọ́ mẹ́jọ, pẹ̀lú ẹrù rẹpẹtẹ, pé bíi ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n ti pààrọ̀ àwọn aláàárù, síbẹ̀ ohun tó tó ṣílè kan kò sọ nù nínú ẹrù àwọn. Ó yà á lẹ́nu, nítorí ohun tí wọ́n ti sọ fún un nípa wa nílé kò jọ ohun tó rí. Àìsàn ti ń pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn kan náà. Kò sí ìgbà tó rọrùn láti jí ẹrù ènìyàn ju ìgbà tí ibà bá dá a dùbúlẹ̀ lọ. Òun náà kú ní Sókótó ní 1827. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander, ọmọ ọdún 23, ló gba ọ̀nà wa padà sí etí òkun pẹ̀lú ìwọ̀nba àwọn tó ṣẹ́kù. Ó la ilẹ̀ wa já láàyè. Àgbádárìgì ni àwọn òyìnbó Potogí tó ń ra ẹrú ti fẹ̀sùn amí kàn án, tí àwọn àgbààgbà ìlú náà sì fún un ní oògùn mu láti fi dán an wò. Olúwa yọ ọ́.

N kò sọ èyí láti fi ilẹ̀ wa yangàn. Ẹrú ń gba ọ̀nà yẹn kan náà kọjá nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó bu omi àlejò fún wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwà òtítọ́ ojú ọ̀nà kì í ṣe ohun tí mo lá lálàá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ṣì ń bá a pàdé ní ọ̀nà oko: iṣu tàbí ọsàn tí a tò sílẹ̀ láìsí ẹnì kan nítòsí, òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti sọ iye owó. Ẹni tó bá fẹ́ á mú, á fi owó sábẹ́ òkúta, á máa lọ. Olóko wà lóko rẹ̀, ó ń ro ilẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ lórí ẹni tí kò rí rí.

Ọkùnrin kan wà tí n kò lè ṣàìsọ nípa rẹ̀. Ọyẹ́ ọdún 1998 ni. Mo kúrò ní abúlé kan ní ìhà Ìmẹ̀kọ nígbà tí mo rò pé ilẹ̀ kò ní ṣú bá mi, iná sì ti jó pápá, gbogbo ojú ọ̀nà wá jọ ara wọn, eérú nìkan ni. Mo yí títí. Nígbà tí oòrùn wọ̀, mo gbọ́ aago màlúù. Ọ̀dọ́mọkùnrin Fúlàní kan ni, ọ̀pá léjìká, màlúù bíi ogún níwájú rẹ̀. Yorùbá tó gbọ́ kò ju ìkíni lọ. Èmi kò gbọ́ Fúlàní rárá. Mo pe orúkọ abúlé tí mo ń lọ. Ó mi orí, ó tọ́ka sí ọ̀nà tí mo ti ń bọ̀. Mo ti fi abúlé náà sẹ́yìn láìmọ̀.

Ó na ọwọ́ sí kúlà, ó gbé e lérí, ó sì bọ́ síwájú. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo ń rò títí dòní. Ó jìnnà sí mi. Nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ ni ó fi wà níwájú mi jálẹ̀. Tí mo bá yára, á yára. Tí mo bá dúró mí, á dúró láìyí ojú padà. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ó mọ̀ pé obìnrin ni mí, pé mo dá wà, pé ilẹ̀ ti ṣú, kò sì ní èdè tí yóò fi sọ fún mi pé kí n má bẹ̀rù. Ó wá fi ogún ìṣísẹ̀ náà sọ ọ́. Nígbà tí a rí iná abúlé, ó gbé kúlà kalẹ̀ lórí òkúta kan, ó fi ọ̀pá júwe ọ̀nà, ó yí padà sọ́dọ̀ àwọn ẹran rẹ̀. Mo kígbe pé "Ẹ ṣé!" Ó gbé ọ̀pá sókè nínú òkùnkùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ìjà darandaran àti àgbẹ̀ dé Àríwá Yewa. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sun ilé, ọ̀pọ̀ sì sá kọjá ààlà lọ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Mo wà lára àwọn tó lọ fún ọmọ wọn ní àjẹsára. Àwọn ìyá tí mo ti mọ̀ láti ogún ọdún ń sọ̀rọ̀ sí gbogbo Fúlàní lápapọ̀, ọ̀rọ̀ tó korò. N kò bá wọn jiyàn. Ẹni tí eérú ilé rẹ̀ ṣì gbóná kò lè gbọ́ ìtàn mi, kò sì yẹ kí n fi sú u. Ṣùgbọ́n n kò sọ ìtàn náà nù. Lẹ́yìn àwọn ẹ̀mí tó ṣòfò, ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni ohun tó ti ojú ọ̀nà lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá ọmọbìnrin kan nínú pápá Ìmẹ̀kọ lónìí, tí ó sì gbọ́ aago màlúù, á fara pamọ́ ni. Darandaran náà, bí ó bá rí i, á gba ibòmíràn. Àwọn méjèèjì ní ìdí. Ogún ìṣísẹ̀ yẹn ti di ọ̀nà jíjìn.

Ààlà náà ti ṣe irú rẹ̀ fún wa ṣáájú. Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọ́n sì tún pàṣẹ ní oṣù kọkànlá pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo bẹntiróòlù dé ibi tí kò tó 20 kìlómítà sí ààlà, àwọn tó ń ṣe fàyàwọ́ wá ọ̀nà mìíràn. Àwa tí a kù ni ìyà jẹ. Ọ̀kadà di ọ̀wọ́n. Ẹni tó bá gbé àlejò pẹ̀lú ẹrù, ìfura ni. Mo dúró ní oríta kan láti aago mẹ́jọ, kúlà lẹ́sẹ̀ mi, tí àwọn ọlọ́kadà ń wo kúlà náà tí wọ́n sì ń kọjá. Ọmọkùnrin kan ló dúró níkẹyìn. Epo tó kù fún un kò ju èyí tó wà nínú ìgò ike kan lọ, ó fi hàn mí kí n má bàa rò pé ó ń tàn mí. "Màmá, ibi tí ó bá parí sí ni a ó ti sọ̀ kalẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dá wa dúró. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹni tó wà níbẹ̀ fẹ́ kí n ṣí kúlà sílẹ̀ nínú oòrùn, kí ó tú u wò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń ṣàlàyé nípa ooru àti ìgò, kò gbọ́. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ni. Oògùn àwọn ọmọdé ni." A kò tíì mọ ara wa ju wákàtí kan lọ. Wọ́n jẹ́ ká kọjá. Epo parí nígbà tó kù díẹ̀ ká dé. Ó ń ti ọ̀kadà, mo ń tẹ̀ lé e, ó sì kọ̀ láti gba iye owó tí a jọ ná níbẹ̀rẹ̀, ó ní òun kò gbé mi dé ibi tí òun ṣèlérí. Ó gba ìdajì. Mo fipá ki ìyókù sí i lápò.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé rọpárọsẹ̀ tó ń wá láti inú kòkòrò ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti tán ní Áfíríkà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, lọ́wọ́ àwọn olówó àgbáyé, lọ́wọ́ àwa òṣìṣẹ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní yàrá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi ìka ka àwọn tí mo rántí: ẹni tó gbé kúlà, ẹni tó fi omi sí i, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ mi kò tó.

Kí ló dé tí irú oore yìí fi wọ́pọ̀ ní ìhà yìí? Mo ti rò ó. N kò gbà pé ọkàn wa dára ju ti ẹlòmíràn lọ. Mo rò pé ìrántí ni. Kétu tú ní 1886 lọ́wọ́ ogun Dàhọ̀mì, àwọn ìlú wa náà kò sì sùn nígbà náà. Ìlú mi ń jẹ́ Ayétòrò. Ẹni tí ayé kò dà rú mọ́ lójú rí kò ní fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sọ ìlú. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n fa ìlà, Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ Kétu bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlárá pín sí méjì. Títí dòní, ènìyàn lè jẹun ní orílẹ̀-èdè kan kí ó sì lọ sùn sí òmíràn láìjáde kúrò nílùú. Nígbà tí Faransé ń fipá mú ènìyàn ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà, tí wọ́n ń kó ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sójú ogun láti 1914, ọ̀pọ̀ láti Kétu àti Ọ̀họ̀rí di ẹrù lóru, wọ́n sọdá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, ọmọ bíbí Ìmẹ̀kọ, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé nípa rẹ̀. Ní 2021 àwọn tiwa náà ló wá sọdá lọ sí ọ̀hún. Nínú ilé tí mo wọ̀ ní ìhà yìí, kì í pẹ́ kí n tó gbọ́ pé bàbá ẹnì kan, tàbí ìyá ìyá ẹnì kan, dé síbẹ̀ lóru pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀, tí ẹnì kan sì bu omi fún un kí ó tó bi í ní orúkọ.

Nípa ìborùn tí Ìyá fi wé kúlà mi, mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo ká a. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, mo gbé e padà. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ sí apá Pobẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ó lọ wẹ ọmọ, kò tíì dé. Mo tún lọ ní 1993, ilé náà ti wó lápá kan, ẹlòmíràn ló ń dáko sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní wọ́n ti kó lọ pátápátá, bóyá Kétu, bóyá Pobẹ̀. Mo ti dé Pobẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì láti ìgbà náà, mo sì ti bi àwọn ẹlẹ́kọ ọjà ibẹ̀ léèrè, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ wí? N kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo lè ṣàpèjúwe àmù méjì rẹ̀ ju bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe ojú rẹ̀ lọ. Àdìrẹ aláró ni ìborùn náà, etí rẹ̀ kan ti ya nígbà tí ó fún un mọ́ kúlà. N kò gán an. Ó wà nínú báàgì tí mo máa ń gbé lọ sí ọ̀hún, lókè aṣọ ìpààrọ̀ mi, níbi tí ọwọ́ mi á ti lè tètè kàn án.